Éékà Márùn-ún, Wàhálà Máìlì Mẹ́rin: Owó Wíwọn Ilẹ̀ ní Aṣálẹ̀ Òkè California

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ la gbé wá lónìí, ilẹ̀ òkèèrè sì ni. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn àwọn òkè ńlá tó yí Los Angeles ká, agbègbè kan wà tí wọ́n ń pè ní High Desert, ìyẹn aṣálẹ̀ orí òkè. Èèyàn lè ra éékà méjì-ààbọ̀ tàbí éékà márùn-ún níbẹ̀ ní gbàǹjo tí ìjọba kántì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, ń ṣe lórí ilẹ̀ tí olówó rẹ̀ ò san owó orí. Owó tó fi rà á lè má ju ẹgbẹ̀rún dọ́là mélòó kan lọ. Nígbà tó bá wá pe awọnlẹ̀ pé kó wá fi igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ náà han òun, iye tí awọnlẹ̀ máa dá lé e lè súnmọ́ iye tó fi ra ilẹ̀, ó sì lè jù ú lọ. Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sẹ́nu olówó ilẹ̀ ni pé wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ. Èrò tèmi ni pé ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kò sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀. Owó awọnlẹ̀ kì í tẹ̀lé iye tí ilẹ̀ jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀lé bí ilẹ̀ ṣe tóbi tó. Ẹ̀rí ààlà ló ń tẹ̀lé. Níbi tí ẹ̀rí bá wà nítòsí, owó á fúyẹ́. Níbi tí ẹ̀rí bá ti jìnnà tàbí tó ti sọnù, owó á wúwo. Ẹni tó bá gba èyí gbọ́ á mọ ibi tó ti lè dín owó náà kù, á sì mọ ìgbà tí kò tiẹ̀ sí ìdí láti ná an rárá.

Ká kọ́kọ́ mọ ibi tí à ń sọ. Aṣálẹ̀ yìí yàtọ̀ sí iyanrìn Sàhárà tí a máa ń rí nínú àwòrán. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbígbẹ ni, tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 2,000 sí 4,000 ju ojú òkun lọ. Ooru ibẹ̀ ń jóni lójú ẹ̀rùn, òtútù rẹ̀ sì ń gbọ̀n ni lásìkò ọyẹ́. Lancaster àti Palmdale wà lápá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, Victorville, Hesperia àti Apple Valley wà láàárín, Joshua Tree àti Twentynine Palms sì wà níhà ìlà-oòrùn. Kántì San Bernardino, tó ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà, lé ní 20,000 máìlì onígun mẹ́rin; bí a bá da ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Ògùn pọ̀, díẹ̀ ni wọ́n fi máa jù ú lọ. Láàárín ibi tó gbòòrò báyìí, awọnlẹ̀ tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Victorville lè wakọ̀ fún wákàtí kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dé orí ilẹ̀ oníbàárà rẹ̀, kó sì fi ọ̀nà eléruku parí ìrìn náà. Owó epo àti owó àkókò òṣìṣẹ́ wà nínú ohun tó máa bèèrè, àmọ́ ìyẹn kéré lára wàhálà iṣẹ́ náà.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ti pẹ́. Lọ́dún 1785, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin pé kí wọ́n máa pín ilẹ̀ ìjọba sí igun mẹ́rin mẹ́rin kí wọ́n tó tà á. Wọ́n á gé e sí abala ńlá tó jẹ́ máìlì 6 lóòró, máìlì 6 níbùú. Wọ́n á tún gé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí ọ̀nà 36, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ máìlì kan níbùú àti lóòró. Ẹyọ kan yìí ni wọ́n ń pè ní section, éékà 640 ló sì jẹ́. Ní gúúsù California, orí òkè San Bernardino ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Awọnlẹ̀ kan tó ń jẹ́ Henry Washington ló ri àmì àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1852, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fa ìlà ìpìlẹ̀ tí ààlà aṣálẹ̀ yìí dúró lé títí dòní. Ṣéènì irin tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 66 ni wọ́n ń fà lórí ilẹ̀. Bí wọ́n bá fà á nígbà ọgọ́rin, máìlì kan pé. Ní ìdajì máìlì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi àmì sílẹ̀. Níbi tí igi wà, wọ́n á gé àmì sára igi tó wà nítòsí kí ó lè jẹ́ ẹlẹ́rìí. Irú igi bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní aṣálẹ̀, nítorí náà òkúta ni wọ́n ń tò jọ, tàbí kí wọ́n ri òpó igi mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì kó yẹ̀pẹ̀ tì í. Ẹ fojú inú wo òkìtì òkúta kékeré kan lábẹ́ òjò, ẹ̀fúùfù àti pátákò màlúù fún àádọ́jọ ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun mìíràn tún wà tí kò yẹ ká fò. Iye máìlì tí wọ́n bá wọ̀n ni ìjọba fi ń sanwó fún àwọn awọnlẹ̀ ayé ìgbà náà. Ẹni tó bá jókòó sábẹ́ àgọ́ tó sì kọ sínú ìwé pé òun ti rìn, owó kan náà ló máa gbà pẹ̀lú ẹni tó rìn ín ní ti gidi. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1880, àṣírí tú pé ẹgbẹ́ kan tí John Benson jẹ́ olórí rẹ̀ ti gbowó lórí ọ̀pọ̀ ìlà tí ẹnikẹ́ni kò rìn dáadáa ní California. Ìjọba ní láti tún ọ̀pọ̀ ibẹ̀ wọ̀n. Awọnlẹ̀ òde òní tó bá ṣí ìwé àtijọ́ kì í mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bóyá òkúta tí ìwé náà dárúkọ ti sọnù ni, tàbí pé kò fìgbà kankan wà níbẹ̀ rí.

Bóyá ẹnì kan á sọ pé: kí ni a fẹ́ fi òkúta àtijọ́ ṣe, nígbà tí ẹ̀rọ ìgbàlódé lè wọn máìlì kan láìṣì ju ìwọ̀n ìka lọ? Kí wọ́n kúkú wọ̀n ọ́n tuntun! Òfin ló ní rárá. Láti ọdún 1805 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti là á sílẹ̀ pé ibi tí awọnlẹ̀ ìjọba bá fi àmì sí nígbà àkọ́kọ́ ni igun ilẹ̀ náà, ì báà ṣe pé ṣéènì rẹ̀ ṣì í wọ̀n. Bí máìlì inú ìwé bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5,280, tí òkúta náà sì dúró sí 5,310, orí òkúta ni ààlà wà. Òfin yìí bọ́gbọ́n mu lójú tèmi. Orí òkúta yẹn ni àwọn èèyàn fi ọkàn tán nígbà tí wọ́n ń kọ́lé, tí wọ́n ń gbẹ́ kànga, tí wọ́n ń la ọ̀nà. Bí ẹ̀rọ tuntun kọ̀ọ̀kan bá lè sún ààlà, kò ní sí ẹni tó máa sùn dọ́kàn. Ṣùgbọ́n òfin náà ló sọ iṣẹ́ awọnlẹ̀ di iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́: ó ní láti wá ibi tí àwọn ará ìjọ́sí fẹsẹ̀ sí kó tó lè wọn ohunkóhun.

Ibí yìí gan-an ni ìṣirò owó wà. Lọ́dún 1938, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin kan tó gba àwọn aráàlú láyè láti gba ilẹ̀ aṣálẹ̀ kéékèèké, tí kò ju éékà 5 lọ, kí wọ́n sì kọ́ ilé kékeré sí i. Àwọn ilé pákó tó ti dahoro káàkiri Joshua Tree àti Wonder Valley lónìí, àtubọ̀tán òfin yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn. Éékà 5 sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 330 níbùú àti 660 lóòró. Bí a bá pín section kan bẹ́ẹ̀, ọ̀nà 128 ni. Ohun tí ìwé ilẹ̀ sì máa ń wí kò ju pé ìdajì apá àríwá nínú ìlàrin ìlàrin ìlàrin section báyìí báyìí. Kò dárúkọ òkúta kan, kò dárúkọ igi kan tó wà lórí éékà 5 náà. Kí awọnlẹ̀ tó lè mọ ibi tí ìdajì ìlàrin ìlàrin ìlàrin wà, ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí odidi wà. Ó máa wá àwọn igun section náà, á sì wá àwọn àmì àárín tó wà ní ìdajì máìlì ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn náà ló máa fa ìlà láti àmì àárín kan sí èkejì tó dojú kọ ọ́. Ibi tí ìlà méjèèjì bá ti gba ara wọn kọjá ni àárín section. Láti ibẹ̀ ni yóò ti máa pín in wálẹ̀ títí kan éékà 5. Àmì tó ń wá lè tó mẹ́jọ, lórí àyíká tó jẹ́ máìlì 4. Olówó éékà 5 sanwó ìwádìí éékà 640. Bí ó bá jẹ́ éékà 40 ló ní nínú section kan náà, iṣẹ́ ìwádìí náà kò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwọ̀n ilẹ̀ fi jẹ́ òṣùwọ̀n tí kò dára fún owó awọnlẹ̀.

Ìwádìí yìí gan-an, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Àwọn tó la ọ̀nà eléruku ní aṣálẹ̀ yìí sábà máa ń tẹ̀lé ìlà section, nítorí náà oríta ni ọ̀pọ̀ igun bọ́ sí, lábẹ́ ibi tí táyà ń gbà. Awọnlẹ̀ á gbé ẹ̀rọ tí ń dún bí ó bá gbóòórùn irin kiri ojú ọ̀nà. Bí ó bá dún, wọ́n á mú ṣọ́bìrì. Wọ́n lè gbẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan kí wọ́n tó kan páìpù irin tí ìjọba rì mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n tún ibẹ̀ wọ̀n, tí ó ní ìdérí idẹ lórí, tí wọ́n tẹ nọ́ńbà section àti ọdún sí i lára. Bí wọ́n bá rí i, inú wọn á dùn, ọjọ́ ti yá. Ó sì lè jẹ́ agolo ọtí tó dípẹtà ni wọ́n máa bá. Katakata tí ń tún ọ̀nà ṣe lè ti gbé àmì náà lọ, àgbàrá òjò ọ̀sán kan ṣoṣo sì lè ti wọ́ ọ dé àfonífojì. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ tiẹ̀ ń rìn níbẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 1992, ilẹ̀ mì ní Landers pẹ̀lú agbára 7.3; ilẹ̀ ya ní gbọọrọ lórí ọ̀pọ̀ kìlómítà, ibì kan sì wà tí apá kan sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì tó mítà 6. Ọgbà tó tọ́ lánàá di wíwọ́ lọ́jọ́ kejì. Níbi tí àmì bá ti sọnù, awọnlẹ̀ ní láti lọ sí section tó tẹ̀lé e, kó fi àmì tibẹ̀ ṣírò èyí tó sọnù. Wákàtí ń lé wákàtí.

Lẹ́yìn oko, ọ́fíìsì kù. Òfin California sọ pé bí awọnlẹ̀ bá ri àmì tuntun mọ́lẹ̀ níbi tí ìwé ìjọba kò tíì fi hàn, tàbí tó bá rí i pé ohun tó wà nílẹ̀ ta ko ohun tó wà nínú ìwé, ó gbọ́dọ̀ ya àwòrán iṣẹ́ rẹ̀, kó sì gbé e lọ fún awọnlẹ̀ àgbà kántì láàárín 90 ọjọ́. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á gba owó iṣẹ́ wọn, lẹ́yìn náà ni yóò di ìwé gbogbogbòò. Àwọn tó ti ra ilẹ̀ nílé mọ bí awọnlẹ̀ ṣe ń gbé ẹ̀dà pupa lọ sí ọ́fíìsì awọnlẹ̀ àgbà ìpínlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà jọra. Olówó ilẹ̀ ló sanwó, gbogbo àwọn tó bá a pààlà ló sì jèrè, torí ẹ̀rí tó sọnù ti padà sí ojú táyé. Ohun tó mú kí ilẹ̀ inú ìlú dín lówó wíwọ̀n nìyí pẹ̀lú: ní Palmdale tàbí Lancaster, níbi tí wọ́n ti pín ilẹ̀ sí pulọ́ọ̀tì pulọ́ọ̀tì lórí àwòrán tí ìjọba fọwọ́ sí, àmì lè wà lójú títì kan náà. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwòrán nìkan ti tó. Ní California City, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1958 pẹ̀lú èrò pé yóò di ìlú ńlá, wọ́n pín ilẹ̀, wọ́n la títì rẹpẹtẹ, ìlú náà kò sì kún. Àwòrán wà nínú fáìlì, ṣùgbọ́n ewéko aṣálẹ̀ ti ń gba títì padà.

Ẹ jẹ́ ká dá àwọn tó ní fóònù ti tó lóhùn. Ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ sọ pé fóònù máa ń ṣì ní bíi mítà 4.9 lábẹ́ ojú ọ̀run gbangba, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 16. Lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 330, ìyẹn ti tó láti gbé odi sínú ọgbà ẹlòmíràn. Ká tiẹ̀ ní fóònù kò ṣì rárá, ibi tí èèyàn dúró sí ló máa sọ, kò lè sọ ibi tí òkúta wà. Ìlà aláwọ̀ tí a ń rí lórí máàpù íntánẹ́ẹ̀tì sì wá láti inú àwòrán tí wọ́n yà fún gbígba owó orí. Ìdí tí wọ́n fi yà á nìyẹn, kò sí kóòtù tó máa fi í dá ẹjọ́ ààlà. Àwọn mìíràn á ní àwọn ra ìwé adójútòfò lórí ilẹ̀ náà. Ẹ ka ìwé náà dáadáa: èyí tó wọ́pọ̀ jù, tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, yọ ìṣòro ààlà tí wíwọn ilẹ̀ ì bá ti fi hàn sílẹ̀. Ní ti èèkàn tí ẹni tó ń tà á fi hàn yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wò ó. Ní California, àmì tí awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ bá rì gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ìwé àṣẹ rẹ̀ lára. Èyí tí kò ní nọ́ńbà, tí kì í sì í ṣe ti ìjọba, lè jẹ́ igi lásán.

Àtakò tó lágbára jù ni ti ẹni tó ní: ilẹ̀ mi kò tó owó tí ẹ ní kí n fi wọ̀n ọ́n, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Òótọ́ wà níbẹ̀, mo sì gbà á. Ẹni tó kàn ra ilẹ̀ pa mọ́, tí kò ní kọ́lé, tí kò ní ṣọgbà, lè dúró ná. Òfin California kò jẹ́ kí ilẹ̀ rọrùn láti gbà lọ́wọ́ olówó rẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ fi jíjókòó sórí rẹ̀ gbà á gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ní gbangba fún ọdún 5, kó sì ti máa san owó orí rẹ̀ ní gbogbo àkókò náà. Ìwọ tó ń san owó orí tìrẹ déédéé, ọkàn rẹ lè balẹ̀ níwọ̀nba. Ti ọ̀nà ló yàtọ̀: bí àwọn èèyàn bá fi ọdún 5 gba orí ilẹ̀ rẹ kọjá láìtọrọ àyè, wọ́n lè sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ wọn níwájú adájọ́, kò sì dìgbà tí wọ́n bá san owó orí kankan.

Ọ̀rọ̀ á yí padà lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ fọwọ́ kan ilẹ̀ náà. Lọ́pọ̀ ìwé ilẹ̀ éékà 5 tí ìjọba fúnni lábẹ́ òfin ọdún 1938 náà, wọ́n ti yọ ẹsẹ̀ bàtà 33 létí ààlà sílẹ̀ fún ọ̀nà àti wáyà iná. Bí ó bá wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ilẹ̀ tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 330, ìdá kan nínú márùn-ún ìbú rẹ̀ ni. Ẹni tí kò mọ ààlà rẹ̀ kò lè mọ ibi tí àlàfo yìí parí sí, ó sì lè gbẹ́ kànga sínú ọ̀nà. Igi Joshua tún wà níbẹ̀, tí òfin ọdún 2023 kan dáàbò bò: kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gé e tàbí hú u láìgbàṣẹ ìjọba, àṣẹ náà sì ní owó nínú. Ẹni tó ń kọ́lé gbọ́dọ̀ mọ igi tó jẹ́ tirẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ti ẹni tó bá a pààlà. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, fífi owó awọnlẹ̀ wé iye ilẹ̀ kò bá a mu. Iye ilé, kànga àti ọgbà tó fẹ́ gbé ka orí ilẹ̀ náà ló yẹ kó fi wé.

Ó ku ti àwọn tó ní àwọn awọnlẹ̀ ń dá owó tó wù wọ́n. Lóòótọ́, ìjọba kò dá iye kan lé wọn lórí, owó tí méjì nínú wọn máa bèèrè lórí ilẹ̀ kan náà sì lè jìnnà síra. Ohun tó sábà máa ń fa ìyàtọ̀ ni pé ọ̀kan ti ṣiṣẹ́ nínú section yẹn rí, ó mọ ibi tí òkúta wà, èkejì yóò bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Nítorí náà, ìbéèrè tó wúlò ni pé: àmì wo ni ẹ ti rí nínú ìwé, èwo lẹ fẹ́ lọ wá, kí ló sì máa ṣẹlẹ̀ sí owó yìí bí ẹ ò bá rí i? Òfin ìpínlẹ̀ náà pa á láṣẹ fún awọnlẹ̀ pé kó bá oníbàárà ṣe àdéhùn lórí ìwé kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, owó rẹ̀ àti nọ́ńbà ìwé àṣẹ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń sá fún ìwé àdéhùn, ẹ fi í sílẹ̀.

Níwọ̀n bó ti jẹ́ odidi section ni wọ́n máa wádìí, ẹ má ṣe dá a san bí ẹ bá lè bá ẹlòmíràn pín in. Bí ẹni mẹ́rin tó nílẹ̀ nínú section kan bá pe awọnlẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò wá àwọn igun ńlá náà; kí kálukú san ti èèkàn tirẹ̀ ló kù. Kí ẹ tó pè é rárá, ẹ lọ sí ọ́fíìsì awọnlẹ̀ àgbà kántì, tàbí kí ẹ wo ojú ewé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ béèrè gbogbo àwòrán tí wọ́n ti gbà wọlé fún section yín àti àwọn tó yí i ká. Àwòrán ìjọba àpapọ̀ láti ayé ìgbà ṣéènì náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ mú un dání lọ bá awọnlẹ̀. Bí ẹ bá sì rí páìpù olórí idẹ nínú iyanrìn lọ́jọ́ tí ẹ lọ wo ilẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà ara rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá hú àmì ìjọba àpapọ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n oṣù 6 jura.